Ẹni Tó Gbé Ohùn Hàjàrá Sókè

Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí fédà náà nígbà tó gbéra. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú sítúdíò, gbogbo wọn ló sì búra bẹ́ẹ̀. Abdulrazaq tó ni sítúdíò jókòó sídìí míkísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ohùn pọ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Alhaja Hàjàrá, àgbà olórin wákà tí gbogbo Sábó ń fi yangàn, dúró nídìí máìkì lẹ́yìn gíláàsì, ó de hẹ́dífóònù mọ́ etí, ó fẹ́ tún ìparí orin kan kọ. Ọmọ́ṣaléwá, tó máa ń bá a gbe orin, jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri. Èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń dún, àwọn fédà sì ń rìn fúnra wọn. Fédà ni àwọn bọ́tìnnì gígùn tí onísítúdíò ń tì sókè láti fi kún ohùn, tó sì ń fà sílẹ̀ láti fi dín in kù. Ìrìn tí wọ́n ń rìn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì, nítorí bí Abdulrazaq bá ṣe tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan ni míkísà ńlá náà máa ń rántí, tí á sì máa tún un ṣe. Ohun tó ṣe wọ́n ní kàyéfì ni pé níbi tó yẹ kí fédà ohùn Hàjàrá ti lọ sílẹ̀, ńṣe ló fò sókè dé òpin.

Hàjàrá ké, ó já hẹ́dífóònù náà dànù, ó sì di etí ọ̀tún mú. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, etí náà ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ariwo kan tó ń hó bí omi orí iná.

Ọ̀rọ̀ náà dé orí tábìlì Ìnsípẹ́kítọ̀ Mojíre Lágúnjú ní gbígbóná. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri ìgboro Ifẹ̀ pé iwin ló wà nínú sítúdíò. Mojíre ò bá iwin kankan ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò tíì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ̀kan lọ́wọ́ rí. Èèyàn ló máa ń rí mú.

DPO Oyèbánjí ti rí èèyàn tirẹ̀ mú ná. Abdulrazaq ti wà ní àtìmọ́lé.

"Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa, ìyá Ifẹ̀ ni etí rẹ̀ di," ni DPO wí, ó ń fi péènì lu tábìlì. "Mojíre, ṣé o gbọ́ èyí tí mi ò sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"Àwọn ará ibí ń béèrè ohun tí à ń dúró dè. Àwọn ará ọ̀hún ń béèrè ìdí tí a fi mú ọmọ wọn. Láàárọ̀ ọ̀la, a ó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Kí adájọ́ máa bá wọn fà á."

"Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe òun ńkọ́, sà?"

"Nígbà náà, wá ẹni tó ṣe é fún mi kí ilẹ̀ òní tó ṣú."

Mojíre jáde, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ọmọdé ni nígbà tí ìlú méjèèjì dojú kọ ara wọn. Ó ṣì rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fà á lọ́wọ́ sáré tí ilé ń jó lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rù irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bà á, kò sì tijú láti sọ ọ́.

Ìdrís ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́. Òun nìkan ni Hàjàrá bí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní kọ̀ǹpútà, òun ló sì fi ẹjọ́ sùn. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, àgọ́ ló ń jí sí.

"Madam, ẹ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Ọmọkùnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Kí ni Màmá fi ṣe é?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe é. Ọmọ́ṣaléwá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ ohùn ìyá mi mọ́lẹ̀ kí ti obìnrin yẹn lè yọ." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ wo ìparí orin náà, níbi tí Màmá ti ń ké pe Ọlọ́run. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ayé ti gbọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an ló ti rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ jù lọ, débi pé èèyàn ò ní gbúròó wọn. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn, kí ni kò ní ṣe?"

"Ṣé ẹ bá a sọ ọ́?"

"Ta ni mo jẹ́ tí màá bá a sọ ọ́? Mi ò mọ̀ nípa orin." Ó fọwọ́ nu ojú tó ti pọ́n. "Ẹ ṣáà gbé e lọ sílé ẹjọ́ kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Mojíre. Ó rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó sùn.

*

Aránṣọ ni Ọmọ́ṣaléwá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí Ẹnuwá, ibi téèyàn ti lè máa ran aṣọ kó sì máa wo gbogbo ẹni tó ń lọ sí ààfin. Nígbà tó rí Mojíre, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ jókòó, mà. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé èmi àti Alhaja jà."

"Kí lẹ jà sí?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lé orin kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí a fẹ́ gbé jáde. Wọ́n ní kò tíì kàn mí. Mo bínú, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ẹnu mi." Ó já òwú. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mò ń jowú wọn. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ni mò ń jowú, mà. Kí ni mo fẹ́ fi etí wọn ṣe?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mojíre, ó gbé e mì. "Lójú tiyín, ta ló lè mú kí fédà rìn lọ síbi tí kò yẹ láìfọwọ́ kàn án?"

Ọmọ́ṣaléwá wo ìta kó tó dáhùn. "Mi ò fẹ́ ba ti Abdulrazaq jẹ́ o. Ṣùgbọ́n ó ní ètò kan lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Bí kò bá sí iná, ìta ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀, á máa yí ìrìn àwọn fédà padà níbẹ̀, kò ní dé ìdí míkísà rárá. Bó bá wá gbé e padà sórí míkísà, ohun tó yí yẹn ni míkísà máa ṣe."

Inú Mojíre bàjẹ́. Ohun tó fi lè tú ọmọkùnrin náà sílẹ̀ ló ń wá kiri. Èyí tó rí yìí, bí DPO bá gbọ́ ọ, kò ní béèrè òmíràn mọ́.

"Ṣé ẹ ní orin náà lọ́wọ́?"

"Èyí tí Abdulrazaq kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi wà lórí fóònù mi. Òun ni mo fi ń kọ́ tèmi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, Hàjàrá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Lẹ́yìn náà ló ké. Igbe náà kún ṣọ́ọ̀bù débi pé obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró, ó sì yọjú wò wọ́n.

"Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní títẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Títẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ̀?" Ọmọ́ṣaléwá yínmú. "Èmi ni ẹ ò gbúròó níbẹ̀, mà. Mò ń kọrin o, mò ń ké tèmi náà. Tí Alhaja bá ti la ẹnu báyìí, kí ni ti èmi?"

Mojíre ní kó fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Nǹkan kan ń yún un lọ́kàn, kò sì tíì mọ ibi tó yẹ kó fi ọwọ́ họ.

*

Òun àti kọ́ńsítébù Ọláyínká ló gbé Abdulrazaq lọ sí sítúdíò rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Ká sọ tòótọ́, Mojíre ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin kan dúró lódìkejì títì, wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń wò. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pariwo.

Bàbá onílé sún mọ́ ọn. "Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ wa ò ṣe é o. Bí ẹ bá gbé e dé ilé ẹjọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn wọ̀nyí tí wọ́n á fi lọ sílé."

"Ẹ bá mi dá wọn dúró títí di ìrọ̀lẹ́, bàbá."

"Ìrọ̀lẹ́ nìkan o."

Wọ́n wọlé, Ọláyínká ti ilẹ̀kùn. Abdulrazaq so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí wọ́n yà gbé nílé rẹ̀ mọ́ míkísà, ó sì gbìyànjú títí kí okùn náà tó wọlé. Ó tan ètò náà. Ilà ló kún ojú rẹ̀, ọ̀kan fún fédà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún.

"Orin dà?" ni Mojíre bi í.

"Kò sí orin níbí, mà. Inú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lábẹ́ míkísà ni orin wà. Ìrìn àwọn fédà nìkan ni ètò yìí ń fi hàn. Ẹ lè gé e, ẹ lè gbé e sókè tàbí kẹ́ ẹ fà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Èmi lè ṣe é torí pé orin náà ti wà lórí mi."

"Nítorí náà, ìwọ nìkan lo lè ṣe é."

Abdulrazaq tẹjú mọ́lẹ̀. "Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ọláyínká wo Mojíre. Mojíre ò wò ó padà.

"Èwo lo fi sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù yìí kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀?"

"Èyí tó wà lápá òkè. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti orí míkísà ni ti ìsàlẹ̀, òun ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Mojíre fa àga, ó tẹ ojú mọ́ ilà méjèèjì. Ní ibi igbe, ilà Hàjàrá wà nílẹ̀ ní ti òkè. Ní ti ìsàlẹ̀, ó lọ tààrà sókè bí ògiri. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan kọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, ibikíbi tí ilà Hàjàrá bá ti wà nísàlẹ̀ ti Ọmọ́ṣaléwá, ẹnì kan ti gbé e ga jù ú lọ. Ibikíbi tí ti Ọmọ́ṣaléwá bá ti yọrí, ẹni náà ti bù ú kù.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kí ẹ tó débi igbe?"

"A ò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mà. Ìparí nìkan ni Alhaja fẹ́ tún kọ. Láti ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ra àwọn dáadáa. Èmi ni mo fi kún hẹ́dífóònù wọn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ló fi kún un, mà. Bí igbe yẹn ṣe wọlé nìyẹn."

"Dákẹ́ ná." Mojíre dìde, ó ń rìn káàkiri yàrá kékeré náà. "Ẹni tó fẹ́ ṣe ìyá yìí ní jàǹbá, ojú kan péré ló máa fọwọ́ kàn. Á fi gbogbo èyí tó kù sílẹ̀ kó má bàa sí ìfura. Ẹni yìí tún orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ló ń wá?"

Ọláyínká ní, "Ó fẹ́ kí ohùn Ọmọ́ṣaléwá rẹlẹ̀."

"Ó sì fẹ́ kí ti Hàjàrá ga. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tó kórìíra Hàjàrá. Ọ̀tá kì í ṣe báyìí. Ẹni tó ń jà fún un ló jókòó ṣe iṣẹ́ yìí." Ó yíjú sí Abdulrazaq. "Kí ló dé tí ìwọ fi fà á sílẹ̀ níbi igbe?"

"Torí ibẹ̀ ni ohùn wọn ti ń le jù, mà. Tí mi ò bá fà á sílẹ̀, kò sí etí tó máa gbà á. Pẹ̀lú bí mo ṣe fà á sílẹ̀ yẹn náà, ohùn wọn ṣì borí ti gbogbo wa."

"Ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí ńkọ́? Tó jẹ́ pé ilà yìí nìkan ló rí?"

Abdulrazaq ronú díẹ̀. "Á rò pé mò ń tẹ̀ wọ́n rì ni."

Mojíre fa àga rẹ̀ padà. Ó jókòó pẹ̀ẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́: ibẹ̀ gan-an ló ti rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ jù lọ, èèyàn ò ní gbúròó wọn. Igbe tó dá obìnrin tó ń kọjá dúró ní Ẹnuwá! Ẹni tó bá fi etí gbọ́ ọ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ilà ni ẹni náà rí.

"Abdulrazaq, níbo lo ti mú ìrìn àwọn fédà tí míkísà ń tẹ̀ lé lọ́jọ́ yẹn?"

"Láti orí fláàṣì Alhaja."

"Fláàṣì wo?"

"Iná kan wá lójijì nígbà kan, mà, ó jó gbogbo ohun tí mo ní níbí, iṣẹ́ àwọn oníbàárà bá a lọ. Láti ìgbà náà, tí a bá parí iṣẹ́ ọjọ́ kan, mo máa ń fi ìrìn àwọn fédà sórí fláàṣì kékeré tí èèyàn ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, mo máa ń fún oníbàárà kó mú un lọ sílé. Bí tèmi bá jó, tiwọn á wà. Lọ́jọ́ náà, iná ti tún pa gbogbo ohun tí míkísà rántí rẹ́, láptọ́ọ̀pù mi sì wà nílé. Alhaja ṣí báàgì, wọ́n yọ tiwọn fún mi."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ èyí látọjọ́ yìí?"

"Kò sí ẹni tó bi mí, mà. Èmi náà sì rò pé ọwọ́ mi ló ṣe é."

Fóònù Mojíre dún. DPO ni. Àwọn ẹbí Hàjàrá ti pọ̀ ní àgọ́, wọ́n fẹ́ rí Abdulrazaq lójú. Mojíre ní kí Ọláyínká gbé e padà gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ," ni Abdulrazaq wí. Mojíre fọwọ́ kàn án léjìká.

*

Ilé Hàjàrá wà ní Sábó, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Ìyá náà jókòó sórí ẹní, òwú funfun wà ní etí ọ̀tún rẹ̀. Ìdrís wà lápá ọ̀tún yẹn, ó ń bá a bó ọsàn. Mojíre kúnlẹ̀ kí i.

"Alhaja, ẹ kú ìrọ́jú. Ara ńkọ́?"

"Alhamdulillah, ọmọ mi. Mò ń gbọ́ díẹ̀ lápá òsì." Ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí àwọn tí etí wọn di ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Dókítà ní ọ̀tún lè má padà. Wọ́n ní kí n má tíì kọrin."

Ìdrís ò gbójú sókè.

Mojíre yíjú sí i. "Ṣé ẹ ti gbọ́ orin náà rí?"

"Orin wo?"

"Èyí tí wọ́n ń tẹ Màmá mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀."

"Mo… wọ́n sọ fún mi."

"Ta ló sọ?"

Mojíre tẹ fóònù rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láàárín wọn. Hàjàrá inú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ké, yàrá náà sì kún fún un. Àwọn àgbò tó ń dún níta dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé etí Mojíre ni kò gbọ́ wọn mọ́.

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Ìdrís.

"Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀," ni ó wí. "Olúwa mi. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá."

"Níbo lẹ ti rí ètò náà?"

"Ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí fláàṣì nínú báàgì wọn, mo ní kí n wo ohun tó wà níbẹ̀. Màmá ti ń ṣàròyé pé Abdulrazaq ń sọ fún àwọn pé kí àwọn rọra ké. Mo rí ilà wọn nílẹ̀, mo rí ti Ọmọ́ṣaléwá lókè. Inú bí mi. Mo ní kò sí ẹni tó máa fi ìyá mi sẹ́yìn nínú orin tó jẹ́ tirẹ̀." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ọjọ́ tí wọ́n ní fédà fò sókè, mo ti mọ̀. Mi ò fẹ́ mọ̀ ni. Mo rò pé bí wọ́n bá tètè gbé e lọ sílé ẹjọ́, tí adájọ́ ní òun ló ṣe é, ọkàn mi á gbà á bẹ́ẹ̀. Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

Hàjàrá ń wo ẹnu rẹ̀. Ó yíjú sí Mojíre. "Kí ló ń sọ? Kí ló ń pa á lẹ́kún?"

Ó wá yé Mojíre pé etí tó kú ni Ìdrís ti ń sọ gbogbo rẹ̀ sí. Mojíre lè bá a sọ ọ́ fún ìyá náà. Ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ náà.

"Ẹ bọ́ sí apá òsì," ni ó wí fún Ìdrís. "Ẹ tún un sọ fún wọn."

Ìdrís fi orúnkún rìn yí ìyá rẹ̀ ká. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí òsì, ó sì tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kúrú gan-an.

Mojíre rí i tí ọwọ́ ìyá náà gbéra bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ náà ò dé ibẹ̀, ó padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ọjọ́ yìí, ọmọ ọlọ́mọ ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ náà lo sì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ láti sọ fún wọn pé kí wọ́n má tú u sílẹ̀."

Hàjàrá di ọwọ́ Mojíre mú, ó fi dìde, ó sì fa ìborùn rẹ̀ láti orí ìṣó. Nígbà tí Ìdrís fẹ́ gbá a mú, ó yẹra.

"Gbé bàtà mi wá," ni ó wí. "Níwájú DPO àti gbogbo ẹbí wa tó wà níbẹ̀ lo ti máa sọ ọ́. Kí o gbé ohùn rẹ sókè dáadáa, Ìdrís, kí èmi náà lè gbọ́."